Èdídí Tó Jò ní Ìwàràjà

Bàbá mi àgbà kò lè rí táyà kó má tutọ́ sí i. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n fi irú ọ̀rọ̀ báyìí bẹ̀rẹ̀ ìrántí àgbàlagbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi kọ́kọ́ ń rí nìyí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìka kan itọ́, á fi ra ojú ibi tí ìṣó ti gún táyà, á wá gbé ojú sún mọ́ ọn bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Bí itọ́ náà bá hó, atẹ́gùn ń jò nìyẹn. Bí kò bá hó, á dìde, á nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, á sì ní kí awakọ̀ máa lọ.

Ìtòsí gáréèjì ní Òṣogbo ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Táyà ló ń tún ṣe, iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń pè ní fọkanáísà. Ká ní ìsọ̀ rẹ̀ nìkan ló ti ń tutọ́ ni, kò sẹ́ni tí ì bá wí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wẹ̀yìn, n kò rí Bàbá mọ́. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò àlùfáà wa, ó káwọ́ agbádá sókè, ó ti kúnlẹ̀ ti táyà ẹ̀yìn. Tíṣà ni mí nígbà náà, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń wò wá. Bíi kí ilẹ̀ lanu ló ṣe mí. Àlùfáà ní, "Bàbá, lónìí náà?" Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Atẹ́gùn ò mọ ọjọ́ ìsinmi."

Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní fọkanáísà bí àwọn yòókù ni, á tún un ṣe, á fọwọ́ gbá a, ó parí. Ìgbà kan ló dédé yí padà. N kò béèrè ohun tó yí i padà. Mo rò pé àgbà ló ń dé.

Ohun tó mú kí n máa kọ ìwé yìí nìyí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ ló ń pè é ní olóòótọ́. Wọ́n ní kò gba kọ́bọ̀ ẹ̀tàn rí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Èmi tí mo sún mọ́ ọn jù lọ, n kò lè ṣe àmín náà. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Olóòótọ́ ni Bàbá. Ṣùgbọ́n mo mọ iye tó ná ẹlòmíràn kó tó di olóòótọ́ náà, ọkàn mi kò sì balẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Bàbá. Òṣogbo ló lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n Òṣogbo kò rí ahọ́n rẹ̀ gbà. "Ulé" ló ń pe ilé, "uṣẹ́" ló ń pe iṣẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, "Bàbá Ulé! Bàbá Ulé!" Á yíjú sí wọn, á fi irin ọwọ́ rẹ̀ halẹ̀, wọn á sá. Mo ní kó jọ̀wọ́ máa sọ ọ́ bí ará Òṣogbo, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ó wò mí títí. "Àṣàkẹ́," ó ní, "ẹni tó bá gbàgbé bí wọ́n ti ń pe ulé ẹ̀, níbo ni wọ́n ó gbé e lọ tó bá kú?"

Ẹni tí wọ́n jọ ń jà jù ni Sùnmọ́nù awakọ̀, ọmọ Òṣogbo, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Sùnmọ́nù ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbọọrọ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹrù dáadáa. Táyà rẹ̀ jẹ́ irú tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà náà, tí kò ní tíúbù nínú. Bí ìṣó bá gún irú táyà bẹ́ẹ̀, wọn kì í tú u. Okùn ròbà kúkúrú kan ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù pa lára, tí wọ́n á fi irin kì bọ ojú ihò náà. Èdídí ni Bàbá ń pè é, bí èdídí ìgò. Bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, ó di kí táyà máa lọ. Ṣùgbọ́n èdídí náà a máa jò nígbà míì, ibẹ̀ sì ni ìjà Bàbá àti Sùnmọ́nù ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ki òmíràn bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí n máa lọ," ni Sùnmọ́nù á wí. "Èrò ń dúró."

"Jókòó."

"Wàláhì, ẹ ó pa mí lẹ́kún."

Bàbá á fi ẹ̀mú fa èdídí àtijọ́ yọ, á fi irin kan tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka ha inú ihò náà mọ́ tónítóní, á pa gọ́ọ̀mù sára ròbà tuntun tó nípọn ju ti àkọ́kọ́, á tì í bọ̀ ọ́, á wá gbé obì fún Sùnmọ́nù pé kó máa jẹ títí yóò fi gbẹ. Lọ́jọ́ kan, inú bí Sùnmọ́nù gan-an. Ó ní, "Èèyàn ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe mọ́. Ṣebí ẹ ti ki òmíràn bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún mi rí? Àárọ̀ ọjọ́ tí a gbé òkú Àjàyí ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?" Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó jókòó sórí táyà àlòkù kan. Nígbà tó dìde, kò bá Sùnmọ́nù jà mọ́. Ó kàn ní, "Èdídí tó bá ń jò, yíyọ là ń yọ ọ́. A kì í fi èdídí lé èdídí."

Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sín in jẹ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ohun mìíràn tí mo tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni Ìdó-Ọ̀ṣun. Ìyá mi àgbà ti kú tipẹ́. Bàbá á dédé mú iṣu tó dára, á dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di Ìdó-Ọ̀ṣun. Obìnrin kan ń gbé níbẹ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀, ìyàwó Àjàyí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú. Ìyá Àdùkẹ́ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n n kò rí Àdùkẹ́ kankan nílé rẹ̀ rí. Bàbá á gbé iṣu sílẹ̀, á bá a tún ilẹ̀kùn tó yẹ̀ ṣe, kò sì ní jẹun níbẹ̀. Omi pàápàá, kò ní mu. Mo ní, "Bàbá, ẹni tó ń wá ìyàwó kì í sá fún oúnjẹ." Mo rò pé yóò ju bàtà lù mí bí ìṣe rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ rọ. "Àṣàkẹ́, má fi ti obìnrin yẹn ṣeré." Ó wá ní kí n jókòó, ó sì sọ fún mi.

Àjàyí àti Bàbá, abúlé kan náà ni wọ́n ti wá, níwájú Ìwàràjà. Obì ni Àjàyí ń rà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá tà ní Òṣogbo. Ó kú lójijì sórí ibùsùn rẹ̀, kò ṣàìsàn. Òkú Ìjẹ̀ṣà, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ. Bàbá Ìdòwú, ẹ̀gbọ́n olóògbé, wá láti abúlé, wọ́n sì háyà mọ́tò Sùnmọ́nù. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbéra ni wọ́n rí i pé táyà ẹ̀yìn kan ti rọ̀. Bàbá ló ti fi èdídí sí i tẹ́lẹ̀, èdídí náà ló ń jò. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń mú, àwọn obìnrin ń sunkún, Bàbá Ìdòwú sì dúró lé e lórí pé ṣé òkú ló fẹ́ kó máa dúró dè é ni. Bàbá mú ròbà mìíràn, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ó fọwọ́ gbá táyà, ó ní ó ti dáa. Òun náà wọ mọ́tò pẹ̀lú wọn, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ sin.

Wọ́n kọjá Iléṣà láìséwu. Kí wọ́n tó wọ Ìwàràjà, táyà rọ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ. Wọ́n dé oríta Ìwàràjà, ó tún rọ̀, mọ́tò dúró. Bàbá Ìdòwú sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Òkú kọ̀. Ẹjọ́ ń bẹ nílẹ̀."

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Òkú tí wọ́n ṣẹ̀ kì í fẹ́ délé. Yóò wúwo, yóò dá àwọn tó gbé e dúró lójú ọ̀nà títí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ yóò fi jẹ́wọ́. Wọ́n wo ara wọn títí, gbogbo ojú sì bọ́ sórí Mọ́rẹ́nikẹ́. Kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìdó-Ọ̀ṣun ni. Òun nìkan ló wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ lóru tó kú. Wọ́n fà á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò.

Bàbá ti gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò ní tirẹ̀. Ó ti ń fa àwọn èdídí méjèèjì yọ. Ó sọ fún mi pé láti ibi tí òun dùbúlẹ̀ sí, orúnkún obìnrin náà lórí òkúta ni òun ń rí. Wọ́n ń bi í pé, "Kí lo ṣe fún un?" Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn á wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló sọ ọ́. Ó ní àwọn jà lálẹ́ ọjọ́ náà lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Nígbà tó di òru, ọkọ òun ní kí òun bu omi wá, òun sì ṣe bí ẹni tó ti sùn. Omi náà ni. Kò sí òmíràn.

Àsìkò yẹn gan-an ni gọ́ọ̀mù Bàbá gbẹ. Ó fẹ́ táyà, ó sọ jáàkì kalẹ̀, Sùnmọ́nù tanná mọ́tò, mọ́tò gbéra, kò sì dúró mọ́ títí wọ́n fi délé. Bàbá Ìdòwú ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti jẹ́wọ́, òkú ti gbà."

Kò tíì parí opó ṣíṣe tí wọ́n fi lé e lọ. Wọ́n ní ẹni tó fi òùngbẹ pa ọkọ kò ní tọ́ ọmọ ọkọ. Àdùkẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá rìn láìṣubú, wọ́n gbà á lẹ́yìn rẹ̀.

Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé òun bẹ̀rù kí wọ́n má wí pé òun ló dá òkú dúró lójú ọ̀nà, àti pé kò sẹ́ni tí yóò gbé táyà wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Ṣùgbọ́n ó mirí, bíi pé ìyẹn kò tó. Ó ní, "Mo ní kí n parí táyà ná, kí n tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi parí táyà, ọ̀rọ̀ ti parí."

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, n ò ní purọ́. Mo rántí gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi èdídí ṣe, mo rántí iṣu, ojú tì mí fún un, ojú sì tì mí fún ara mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́." Ó ní, "Ìwọ lo máa mú mi lọ."

A lọ sí abúlé. Bàbá Ìdòwú gbà wá dáadáa. Ọmọbìnrin kékeré kan gbé omi wá fún wa, ó kúnlẹ̀, ó di kọ́ọ̀bù mú ní ọwọ́ méjèèjì kó má baà dà. Àdùkẹ́ ni. Mo mu tèmi. Bàbá di tirẹ̀ mú títí tó fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó kó ròbà méjèèjì tó fà yọ lọ́jọ́ náà jáde nínú àpò, ó gbé wọn sílẹ̀ níwájú Bàbá Ìdòwú. Ó ní, "Òkú ò kọ̀, ẹ̀gbọ́n. Uṣẹ́ ọwọ́ mi ló jò."

Bàbá Ìdòwú fọwọ́ yí ròbà náà wò. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Ṣé bó o ṣe máa ń ṣe é nìyẹn?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. N kì í ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá mú ọwọ́ ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Òkú náà kọ́?"

Bàbá bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà. Bàbá Ìdòwú gbé e dìde, ó fi obì ṣe é lálejò. A padà sí Òṣogbo láìsí Àdùkẹ́.

A kọ́kọ́ lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun kí a tó délé. Ìyá Àdùkẹ́ ń fẹ́ iná. Bàbá kò jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Mo rò pé yóò fi igi iná lé wa jáde, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Iná kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wà lábẹ́ mọ́tò. Mo rí ẹsẹ̀ yín." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ó sì sọ ohun tí kò tíì kúrò létí mi títí di òní. "Bàbá, èmi náà ti gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mo ti gbà pé omi tí n ò bù fún un ló pa á."

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbó. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń tutọ́ sí táyà, ó ń de iṣu mọ́ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò bá Sùnmọ́nù jà mọ́. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó pè mí sẹ́bàá ibùsùn.

"Tí ẹ bá ń gbé mi re ulé," ó ní, "tí ẹ bá dé Ìwàràjà, tú atẹ́gùn táyà sílẹ̀. Jẹ́ kí mọ́tò dúró. Wọn á ní mo kọ̀. Ohun tí Bàbá Ìdòwú ò gbọ́ lẹ́nu mi láàyè, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu òkú."

Mo ní, "Bàbá, irọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Wọn á ní ẹ lẹ́jọ́ lọ́rùn."

"Ṣé n kò ní ni?"

Mo ní, "Mo ti gbọ́." N kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sì wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó di ọwọ́ mi mú bíi pé mo ti búra.

Sùnmọ́nù ló gbé e. Kò gba owó, ó sì ń sunkún bó ṣe ń wakọ̀. Bàbá Ìdòwú wà níwájú, nítorí òun ni àgbà abúlé. Mo ní kí Ìyá Àdùkẹ́ wá jókòó tì mí lẹ́yìn. Kò tíì gba ọ̀nà yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e. Bàbá Ìdòwú rí i, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní oríta Ìwàràjà, mo ní kí Sùnmọ́nù dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ti táyà ẹ̀yìn. Mo ti fọwọ́ kan ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. N kò lè ṣe é. Gbogbo ayé Bàbá ló fi ń dí ibi tó ń jò, n kò lè wá tú u sílẹ̀ lórí òkú rẹ̀. Mo fi ìka kan itọ́, mo fi ra ojú èdídí tó wà lára táyà náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò hó.

Mo dìde. Mo ní, "Táyà ò jò o. Èmi ni mo ní kí mọ́tò dúró." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, sókè, kí gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé wa lè gbọ́: àwọn èdídí méjèèjì, ìkánjú, ìdákẹ́jẹ́ Bàbá lábẹ́ mọ́tò, orúnkún obìnrin yìí lórí òkúta.

Bàbá Ìdòwú sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò wò mí. Ó lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó ṣí fìlà, ó gbé ọwọ́ lé pósí. Ó ní, "O kọ̀, àbí? Ìwọ lo ní kí ọmọ yìí dá wa dúró."

Mo la ẹnu láti sọ pé rárá. Mo fẹ́ sọ pé òkú ò kọ̀, pé èmi Àṣàkẹ́ ni, pé òkú kì í kọ̀, pé a ò gbọdọ̀ tún fi irú èyí ṣe ìdájọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá Àdùkẹ́ ti di etí ìró mi mú. Kò fà á, ó kàn dì í mú.

Bàbá Ìdòwú ń bá pósí sọ̀rọ̀ lọ. "Ọmọ náà lo ń wí? Ó dáa. A ó dá a padà fún ìyá ẹ̀. Ó yá, jẹ́ ká re ulé."

Mo pa ẹnu mọ́. Ní oríta kan náà tí Bàbá ti dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Sùnmọ́nù tanná mọ́tò, mọ́tò gbéra, gbogbo wọn sì ní, "Ẹ ò rí i?" Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ mìíràn, táyà ẹlòmíràn yóò jò lójú ọ̀nà pẹ̀lú òkú, wọn yóò rántí ti Bàbá, wọn yóò wá obìnrin kan kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé n ó sọ̀rọ̀ bó bá tún di àná, n kò mọ̀.

A délé. Àdùkẹ́ ti ga sí i. Ó gbé omi wá fún àwọn àlejò bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n, ó kúnlẹ̀. "Omi rèé o, mà." Ìyá rẹ̀ gba kọ́ọ̀bù náà, ó sì mu ún tán.